Ṣé títì tí wọ́n ń ti walleye pípa nígbà tó ń yé ẹyin ń mú kó pọ̀ sí i lóòótọ́?

Ìwọ̀Gígùn_MN:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin apẹja. Awuyewuye kan wà láàárín wa tí mo fẹ́ kí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí bá wa tú. Ní Minnesota níbí, láti ìparí oṣù Kejì títí di àárín oṣù Karùn-ún, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa walleye, ẹja omi tí kò níyọ̀ tí a fẹ́ràn láti máa jẹ ní Amẹ́ríkà níbí, nínú ọ̀pọ̀ adágún wa. Wọ́n ní kí ẹja lè ráyè yé ẹyin ni. Ṣùgbọ́n tí a bá sọdá sí North Dakota, ọdún yípo ni wọ́n ń pa á. Ohio kò ti ìpẹja pa ní Lake Erie, ọ̀kan nínú àwọn Adágún Ńlá. Àní inú odò Maumee tó ń ṣàn sínú rẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀ lọ ní oṣù Kẹta àti Kẹrin, ìgbà tí ẹja ń gòkè wá yé ẹyin gan-an, síbẹ̀ walleye kún ibẹ̀ bámúbámú. Tó bá jẹ́ ìtìpa ló ń mú kí ẹja pọ̀, báwo ni ti Erie ṣe jẹ́? Tí kò bá sì ṣe nǹkan kan, kí ló dé tí Minnesota, Wisconsin àti Ontario ò jáwọ́ níbẹ̀? Mo mọ ohun tí òfin sọ. Ìdí rẹ̀ ni mo ń wá.

AlágbàOmi:

Ìbéèrè méjì lẹ so pọ̀ di ọ̀kan, àbúrò. Ìtìpa lè dáàbò bo ẹja tó ti dàgbà. Pé kó mú kí ọmọ ẹja pọ̀, ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Ẹ wo bó ṣe ń yé ẹyin. Bí yìnyín bá ti ń yọ́, tí omi sì dé nǹkan bíi dígírì 6 sí 10 ti Celsius, àwọn akọ ló ń kọ́kọ́ wá sí etí omi tàbí wọnú odò, wọ́n sì máa ń pẹ́ níbẹ̀. Abo kì í tètè dé. Òru kan ló sábà máa fi tú gbogbo ẹyin rẹ̀ dà, á sì padà síbú. Orí òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n fẹ́, nínú omi tí kò jìn ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ. Abo ń yé ẹyin tó 25,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n, nítorí náà ẹja pọ́n-ùn mẹ́rin lè tú 100,000 dà lóru ọjọ́ kan. Kì í kọ́ ìtẹ́, kì í ṣọ́ ẹyin. Ẹ má fi wé ẹja bass, tí akọ rẹ̀ ń dúró ti ìtẹ́. Bí ẹ bá fi ìwọ̀ fa akọ bass kúrò lórí ìtẹ́, ẹja kéékèèké lè ti jẹ ẹyin náà tán kó tó padà débẹ̀. Ti walleye sún mọ́ ti ẹja àrọ̀ wa nílé, tó ń yé sórí koríko tí omi òjò bò, tó sì ń bá tiẹ̀ lọ. Ní odò Wolf ní Wisconsin, koríko àbàtà gan-an ni walleye tó ń gòkè láti Lake Winnebago ń yé sí.

Láti ìgbà tí ẹyin bá ti bọ́ sáàárín òkúta, ó tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kó tó pa ọmọ. Bí omi bá tutù, ó ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwọ̀ kọ́ ló ń ba ẹyin jẹ́ lásìkò yẹn. Ìjì ń gbá a jù sí èbúté, ẹrọ̀fọ̀ ń bò ó tí kò fi rí atẹ́gùn, omi ń fà sẹ́yìn tí yóò fi gbẹ. Nínú ìwádìí kan ní Lake Winnibigoshish ní Minnesota, ẹyin tó yè lórí ẹrọ̀fọ̀ kò pé 5 nínú 100, ṣùgbọ́n lórí òkúta wẹ́wẹ́ ó ju 17 lọ, ibòmíràn tiẹ̀ ju 30. Ẹ ro ìyẹn wò: ilẹ̀ abẹ́ omi nìkan ti sọ ìkórè di ìlọ́po púpọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé ìwọ̀. Lẹ́yìn tó bá pa, ọmọ ẹja gbọ́dọ̀ rí kòkòrò omi tín-ín-tín jẹ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ohun tó ń fà á nìyí tí ọdún kan fi ń kún tí òmíràn ń ṣófo. Ní Erie, ọmọ ẹja tó pa ní ọdún 2003 kún àkúnwọ́sílẹ̀, ti 2015 àti 2018 náà sì pọ̀ gidigidi. Púpọ̀ nínú àwọn ọdún tó wà láàárín 2003 àti 2015 kò sún mọ́ ọn. Apẹja kọ́ ló fa ìyàtọ̀ yẹn, ojú ọjọ́ ni.

Ẹ tún wo èyí. Láti ìgbà ìwọ́wé ni ẹyin ti ń dàgbà nínú abo. Abo tí wọ́n fà jáde láti ihò yìnyín ní oṣù Kejì, tí òfin fọwọ́ sí, ẹyin kún inú rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá pa ní oṣù Kẹrin, owó ìtanràn ni. Tí a bá ń ṣírò ọmọ tí yóò bí, àdánù kan náà ni méjèèjì. Èyí tí a pa ní oṣù Kẹfà ńkọ́? Ẹyin ọdún tó ń bọ̀ ti bá a lọ. Àpapọ̀ iye tí a pa lọ́dún ni kókó.

ÌyáẸlẹ́ja_ThunderBay:

Mo fara mọ́ ohun tí Alàgbà sọ nípa ẹyin, àmọ́ ibi tí wọ́n parí sí yẹn lè ṣi èèyàn lọ́nà. Tí àpapọ̀ iye bá jẹ́ kókó, ẹ jẹ́ ká bi ara wa: ìgbà wo ló rọrùn jù láti pa púpọ̀?

Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, walleye fọ́n ká gbogbo adágún. Ní oṣù Kẹrin, ẹja adágún kan náà lè kó jọ sórí òkúta tí kò tóbi ju pápá bọ́ọ̀lù lọ, tàbí sísàlẹ̀ ìdídò kan ṣoṣo. Ọkọ̀ ojú omi mẹ́wàá tó bá mọ ibẹ̀ lè ṣe láàárín òpin ọ̀sẹ̀ méjì ohun tí ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ kò lè ṣe ní oṣù Keje. Ohun tó burú jù ni pé ìwọ̀ kì í tètè sọ òótọ́. Bí ẹja bá kù ìdajì, ìdajì náà ṣì máa kó jọ síbi kan, apẹja á ṣì máa fa ẹja bí ìṣe rẹ̀, á ní ẹja pọ̀. Ọjọ́ tí ìwọ̀ bá fi máa jẹ́wọ́, ọwọ́ ti bọ́.

Ẹ fi nọ́ńbà ṣe é, àpẹẹrẹ lásán ni o. Adágún kékeré kan ní walleye àgbà 2,000. Láti oṣù Karùn-ún dé oṣù Kejì, apẹja pa 500, ìyẹn 25 nínú 100. Tí ẹ bá ṣí oṣù Kẹrin sílẹ̀ tí wọ́n pa 300 sí i, ó di 40 nínú 100. Ní àríwá Wisconsin, lórí àwọn adágún tí àdéhùn àwọn Ojibwe, ẹ̀yà ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, pẹ̀lú ìjọba dé, 35 nínú 100 ẹja àgbà ni òkè ibi tí wọ́n ń gbìyànjú kí ìpẹja má kọjá. Òpin ọ̀sẹ̀ méjì péré ló ti ta adágún yẹn kọjá ààlà.

Ní báyìí, ẹ gbé ti Erie wá. Ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù walleye ló wà níbẹ̀. Èyí tí wọ́n ń mú ní Maumee nígbà ìyéyin kò ju ìpín kékeré lọ nínú rẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kì í ṣe pé Erie kò ní ìjánu. Ọdọọdún ni ìgbìmọ̀ àwọn ìpínlẹ̀ tó yí i ká àti Ontario ń jókòó ka ẹja, tí wọ́n ń pín iye tí oníkálùkù lè pa. Láti àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti ń ṣe é, lẹ́yìn tí mẹ́kúrì, èròjà olóró, tí wọ́n rí nínú ẹja ní 1970 mú kí wọ́n ti ìpẹja oníṣòwò pa, tí walleye sì rójú gbérí. Ẹni tó bá ń ka ẹja bẹ́ẹ̀ lè ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ yípo ọdún. Adágún kékeré tí kò sẹ́ni tó ń kà á, ìtìpa ni òṣùwọ̀n tó rọrùn jù fún un: kò gba owó, ọlọ́pàá ẹja kan sì lè fi ojú lásán mọ arúfin.

Nílé wa níbí ní Ontario, wọn ò fi mọ sí títi ẹja kan pa. Láwọn ẹsẹ̀ odò kan, wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ju ìwọ̀ rárá títí di ọjọ́ kan pàtó, torí ẹni tó ń lé walleye lè ní ẹja pike ni òun ń wá.

Ẹ ṣọ́ra fún adágún tí ìjọba ń da ọmọ ẹja sí, tí kò ní òkúta tí wọ́n lè yé sí. Níbẹ̀, ọ̀rọ̀ "jẹ́ kó ráyè yé ẹyin" kò nítumọ̀. Iye tí a ń pa nìkan ni ìtìpa lè bá wí.

Ìwọ̀Gígùn_MN:

Ẹ ṣé gan-an, Ìyá. Ó ti ń yé mi. Ìbéèrè méjì ló kù. Àkọ́kọ́, tí a bá ń mú un tí a sì ń dá a padà nígbà ìyéyin, ṣé ìpalára wà níbẹ̀? Èkejì, àwọn Ojibwe ń gún walleye lọ́kọ̀ lóru ní oṣù Kẹrin. Àwọn kan ní àwọn Ojibwe yìí ló ń pa adágún run. Òótọ́ ni?

Ọmọ_Toledo:

Ẹ jẹ́ kí n mú ti àkọ́kọ́, torí Maumee ni ibùdó mi.

Omi tútù ń ran ẹja lọ́wọ́. Walleye tí ìwọ̀ mú lẹ́nu ní oṣù Kẹrin, tí a sì tètè dá padà, kì í sábà kú. Oṣù Keje àti Kẹjọ ni ewu ńlá wà, nígbà tí omi gbóná, pàápàá tó bá ti gbé ìwọ̀ oní-ìdẹ ààyè mì dé ọ̀fun. Ní Mille Lacs, adágún ńlá kan ní Minnesota, wọ́n ń ka ẹja tó kú lẹ́yìn ìdápadà mọ́ iye tí apẹja lẹ́tọ̀ọ́ sí. Ní oṣù Kẹjọ 2015 ni wọ́n ti ìpẹja walleye pa níbẹ̀ nígbà tí ìpín náà tán.

Ohun tó ń bàjẹ́ lọ́dọ̀ wa yàtọ̀. Ẹja há mọ́ra wọn nínú omi tó ń ṣàn, ìwọ̀ sì lè gún un ní ẹ̀gbẹ́ tàbí ní ikùn. Abo tí ẹyin kún inú rẹ̀ tí ìwọ̀ ya ikùn rẹ̀ lè kú lẹ́yìn tí ẹ bá dá a padà, láìjẹ́ pé ẹ rí i. Ìdí nìyẹn tí Ohio fi ní kí ìwọ̀ jẹ́ ẹlẹ́nu kan láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta dé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún, kí a má sì pẹja ní òru. Èyí tí ìwọ̀ kò bá mú nínú ẹnu, omi la gbọ́dọ̀ dá a padà sí. Ẹ má lo òjé tó wúwo ju ohun tí ìṣàn bèèrè lọ. Ó kàn yẹ kó máa kan òkúta lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń lọ ni. Tó bá jókòó pa, okùn á dábùú omi, á sì máa gé ẹja níkùn. Okùn tó so òjé mọ́ ìwọ̀, ẹ má jẹ́ kó ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ. Bí ẹ bá fa ọ̀pá tí ẹ gbọ́ ìwúwo lójijì tí kò gbọn orí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀yìn tàbí ìrù lẹ mú. Ẹ dẹ okùn, kí ìwọ̀ lè bọ́.

Ẹ fi omi rin ọwọ́ yín kẹ́ ẹ tó dì í mú. Ẹ má fún un níkùn láti wo bóyá ẹyin wà. Ẹ má gbé e kọ́ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Fún akọ, tí ẹ bá fẹ́ mú un lọ jẹ, àtọ̀ funfun á máa kán jáde fúnra rẹ̀ bí ẹ bá gbé e. Ẹ mú akọ, ẹ jẹ́ kí abo ńlá lọ.

Ohun kan ṣì wà tí ọ̀pọ̀ kì í rò: ẹsẹ̀. Òkúta tí ẹ ń tẹ̀ láti wọ omi ni ẹyin wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ gba ojú ọ̀nà kan wọlé, ẹ dúró síbi kan, ẹ má rìn kiri lórí òkúta wẹ́wẹ́.

AlágbàOmi:

Ti àwọn Ojibwe, irọ́ tó ti pẹ́ ni wọ́n ń pa mọ́ wọn. Àdéhùn 1837 ló fún wọn lẹ́tọ̀ọ́ náà. Ilé ẹjọ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ fún Wisconsin ní 1983, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún Mille Lacs ní 1999. Ní Wisconsin, adágún kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀ fún ọdún náà. Ẹni tó ń ka ẹja ń dúró ní èbúté lóru, wọ́n ń ka ohun tí wọ́n gún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń wọ̀n ọ́n. Iye ẹja ńlá tí ẹnì kan lè mú ní gbèdéke, nítorí náà akọ ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń gbé lọ. Bí iye náà bá pé, adágún yẹn parí fún wọn lọ́dún náà. Ta ló ń ka tiwa bẹ́ẹ̀? Ìpẹja wọn nígbà ìyéyin wà lára ẹ̀rí tó dára jù pé kì í ṣe àkókò ló ń pa adágún bí kò ṣe iye.

ÌyáẸlẹ́ja_ThunderBay:

Ó yẹ ká fi Red Lake, adágún ńlá kan ní àríwá Minnesota, sí i, torí ibẹ̀ la ti rí ohun tí ìtìpa gidi lè ṣe. Láàárín àwọn ọdún 1990, àpajù ti sọ walleye ibẹ̀ di àwátì. Ìtìpa oṣù méjì ààbọ̀ ti Minnesota wà nílẹ̀ fún apẹja wọn ní gbogbo ìgbà yẹn, kò gba adágún náà là. Àwọn Ojibwe Red Lake dá àwọ̀n oníṣòwò tiwọn dúró ní 1997. Ní 1999 àwọn àti ìjọba fọwọ́ sí àdéhùn: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa walleye níbẹ̀ mọ́, tọ̀sán-tòru, tẹ̀ẹ̀rùn-tòtútù. Wọ́n da ọmọ ẹja sí i ní 1999, 2001 àti 2003. Ó di 2006 kí wọ́n tó tún ṣí i. Nígbà tí ẹja àgbà bá ṣẹ́kù díẹ̀ bẹ́ẹ̀, abo kọ̀ọ̀kan tó yé ẹyin ní iye lórí. Ibẹ̀ nìkan ni mo ti gbà pé dídáàbò bo ìyéyin ń sọ ara rẹ̀ di ọmọ ẹja.

Àléébù kan tún wà nínú ìtìpa tó ń tẹ̀ lé kàlẹ́ńdà: omi kì í ka kàlẹ́ńdà. Ní 2012, yìnyín yọ́ ní oṣù Kẹta lórí ọ̀pọ̀ adágún Minnesota, ìyéyin sì ti kásẹ̀ nílẹ̀ tipẹ́ kí ọjọ́ ìṣísílẹ̀ tó dé. Ní 2013, ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún ni wọ́n ṣí i, yìnyín ṣì bo àwọn adágún kan ní àríwá. Nínú irú ọdún bẹ́ẹ̀, orí ẹja tó ṣì ń yé ẹyin ni àwọn apẹja máa bọ́ sí, pẹ̀lú ìwé àṣẹ lọ́wọ́.

Ìwọ̀Gígùn_MN:

Bí ọdún bá wá tutù bíi ti 2013 yẹn, kí la máa wò ká tó ju ìwọ̀ lọ́jọ́ ìṣísílẹ̀?

Ọmọ_Toledo:

Ẹ mú tẹmọ́mítà dání. Ẹ tì í bọ omi etí òkúta ní ìrọ̀lẹ́, kì í ṣe ní ọ̀sán tí oòrùn ti ya á. Bó bá ṣì wà láàárín 6 sí 10, ẹ fi orí òkúta àti ẹnu odò sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan sí i. Ẹ lọ wá àwọn abo tó ti yé tán, ní ibi tí ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í jìn. Ikùn wọn á ti rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, ebi á sì ti máa pa wọ́n.