Ẹ bá wa dá sí i: ihò tó la ilé ayé já ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwa ọ̀rẹ́ ìgbà èwe

Olùbéèrè: Ẹ̀yin ará, ẹ dákun, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Àwa tí a jọ ṣe kékeré wà lórí WhatsApp. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ìtàn ìjàngbọ̀n ìgbà èwe ni: ta ló gbé garawa omi lé orí ilẹ̀kùn kíláàsì, ta ló so bọ́tìnì mọ́ òwú tó ń fi kan fèrèsé tísà lóru. Èmi ni wọ́n ń di gbogbo rẹ̀ rù. "Garawa" ni wọ́n ń pè mí báyìí, níṣojú àwọn tí mo jù lọ! Ẹnì kan tún ń fi ohùn gbọọrọ ránṣẹ́ láàjìn. Wọ́n wá béèrè pé bí èèyàn bá gbẹ́ ihò la ilé ayé já, tó bẹ́ sínú rẹ̀, níbo ló máa balẹ̀ sí? Mo ní yóò yọ lódìkejì. Wọ́n ní àárín ló máa dúró sí, pé n kò kàwé. Ta ló jàre?

Tísà Fìsíìsì: Ẹ ò sọ kókó ibẹ̀: ṣé afẹ́fẹ́ wà nínú ihò náà? Bí kò bá sí, tí a sì gbójú fo ooru, eré rẹ̀ á máa pọ̀ sí i títí dé àárín. Níbẹ̀, òòfà ilẹ̀ á di òdo, àmọ́ eré tó ti bá bọ̀, tó ju kìlómítà 7 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ló máa gbé e kọjá. Á wá máa dẹ̀rọ̀ títí á fi yọ lódìkejì. Bí kò bá yára di etí ihò mú, á tún já padà. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá wà, á máa ki sí i bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀, kò sì ní jẹ́ kó dé òdìkejì láéláé.

Ìyá Ìbejì: Ẹ pa ohùn gbàgede náà: wákàtí 8, ọ̀sẹ̀ 1 tàbí títí láé lẹ máa rí níbẹ̀. Tàbí kẹ́ ẹ jáde. Àwọn alábòójútó nìkan ni WhatsApp máa ń sọ fún.

Olùbéèrè: Èmi ni alábòójútó. Mi ò lè jáde.

Awakùsà: Tísà, ẹ gbójú fo ooru kẹ̀? Ihò Kola ní Rọ́ṣíà, mítà 12,262 ló jìn, kò fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 23 lọ. Ooru ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó 180 lórí òṣùwọ̀n Celsius, òkúta wá ń rọ̀, ó ń dí ihò mọ́ wọn lọ́wọ́. Àárín ayé sì jìn tó kìlómítà 6,371!

Tísà Fìsíìsì: "Ká ní" ni wọ́n bi wá.

Awakùsà: Ẹ ka yíyí ayé mọ́ "ká ní" yín nígbà náà. Ní agbedeméjì ayé, ilẹ̀ ń yí ní nǹkan bíi kìlómítà 1,670 ní wákàtí kan. Ẹni tó bẹ́ ń bá eré yẹn bọ̀, ìsàlẹ̀ kò sì yára tó bẹ́ẹ̀, ló bá di orí sísọ mọ́ ògiri ìlà-oòrùn. Àfi bí ihò bá ti òpó àríwá lọ sí òpó gúúsù.

Ìyá Ìbejì: Ti garawa ló ń bà mí lẹ́rù. Omi lítà 10, kìlógíráàmù 10 nìyẹn. Bó bá já lé èèyàn lórí, ọrùn ló ń gbà á. Ẹ má sọ ọ́ létí ọmọdé.

Olùbéèrè: Wọn ò dárúkọ afẹ́fẹ́. Ẹni tó ta tẹ́tẹ́ láì béèrè, kí ló kàn mí?

Ìyá Ìbejì: Tẹ́tẹ́ wo?

Olùbéèrè: Gbogbo wa la dá owó. Ọwọ́ mi ló wà.

Tísà Fìsíìsì: Ẹ̀yin tí ẹ ta, ẹ̀yin náà lẹ tún mú owó dání?

Olùbéèrè: Ta ni ì bá mú un? Mo sì ti pa gbogbo ọ̀rọ̀ èébú rẹ́, ìbéèrè ọjọ́sí gan-an bá a lọ.

Awakùsà: Háà! Ẹ̀rí ti lọ nìyẹn.

Tísà Fìsíìsì: Ẹ dá owó kálukú padà lónìí, kẹ́ ẹ fi rìsíìtì han gbogbo wọn. Bí ẹ bá máa tún un ta, ẹ kọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó sanwó: kò sí afẹ́fẹ́, kò sí ooru, láti òpó dé òpó, ẹni náà kàn jọ̀wọ́ ara rẹ̀ ni, kò fò. Ẹni tí kò ta ni kó mú owó.

Olùbéèrè: Ìṣẹ́jú mélòó ló máa fi yọ? 42 ni mo kọ.

Tísà Fìsíìsì: 42 ni bí inú ilẹ̀ bá ki bákan náà látòkè dé àárín. Àárín ló ki jù, irin ló pọ̀ níbẹ̀, nítorí náà ó sún mọ́ 38. Ẹ kọ èyí tí ẹ máa lò sínú àdéhùn.

Ìyá Ìbejì: Ẹ dá owó padà ná.