Ṣé kí n mú àbúrò mi dúró?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Èmi àti àbúrò mi ti wo Star Trek: The Next Generation, eré tẹlifíṣọ̀n nípa àwọn arìnrìn-àjò ojú òfuurufú, dé òpin sáà kẹta, tí wọ́n fi hàn ní Amẹ́ríkà ní oṣù kẹfà ọdún 1990. Àwọn Borg, ọ̀tá tó jẹ́ ààbọ̀ ẹ̀dá alààyè, ààbọ̀ ẹ̀rọ, ti sọ Picard, ọ̀gá ọkọ̀, di ara wọn. Riker igbákejì rẹ̀ ní kí wọ́n yìnbọn, ibẹ̀ ló parí sí! Oṣù kẹsàn-án làwọn olólùfẹ́ eré náà tó rí ìyókù. Ìfojúsọ́nà yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí ó tọ́ wò. Mo ti ní kí ó fara da ọ̀sẹ̀ kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Mo ní ká jọ máa méfò, kò gbà. Ṣé kí n ṣì mú un dúró, àbí kí n tan ìyókù eré náà fún un lálẹ́ òní? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé ó gùn. Mo dúpẹ́ ṣáájú o.