Orúkọ ohun ẹ̀fẹ̀ tó fi mí ṣẹ̀fẹ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ wá sọ tiyín. Tèmi rèé. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mò ń ṣe. Wọ́n gbé ìwé ọjà kan lédè Faransé fún mi, «farces et attrapes» ló wà lókè rẹ̀. «Attrapes» kò ṣòro: ohun tí a fi ń mú èèyàn ni. Ṣùgbọ́n «farce»! Ìwé atúmọ̀ èdè ní ohun tí wọ́n ń kì sínú ẹran kí wọ́n tó sè é ni. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọlọ́jà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Imú oníke àti aláǹtakùn onírọ́bà ló ń tà!

Mo wádìí rẹ̀, àṣìṣe mi ò tilẹ̀ jìnnà. «Farcire» ti èdè Látìn, ìyẹn kí a ki nǹkan sínú nǹkan, ló bí «farce» méjèèjì, ti inú ẹran àti ti àwàdà. Láyé àtijọ́, wọ́n máa ń ki àwàdà sáàárín eré ìsìn. Àwàdà àkìsínú yẹn ló jogún orúkọ náà.

—

Tiyín sàn. Èmi ra «whoopee cushion» fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi, torí mo mọ̀ pé igbe ayọ̀ ni «whoopee». Mo ní tìmùtìmù ìdùnnú nìyẹn. Màmá jókòó lé e lójú àlejò, ariwo sọ. Ìsó inú ẹ̀kú ni, àmúmọ́ra! Ilé iṣẹ́ rọ́bà kan ní Toronto, ní Kánádà, ló gbé e jáde ní nǹkan bí ọdún 1930. Faransé kò fi bò ní tiwọn, «coussin péteur», tìmùtìmù tó ń só. «Furzkissen» ti Jámánì náà kò yàtọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló fi ìdùnnú bo ìsó mọ́lẹ̀.

—

Mo ní kí ará Ítálì kan fi «confetti» ránṣẹ́ sí mi, bébà wẹ́wẹ́ tí à ń fọ́n sókè. Álímọ́ńdì tí wọ́n fi ṣúgà bò ló dé. Kò jẹ̀bi: ohun tí «confetti» jẹ́ lédè rẹ̀ nìyẹn, «coriandoli» ni wọ́n ń pe bébà. A jẹ ẹ́ tán.

—

Tèmi ò gùn. «Broma» ni àwàdà lédè Sípéènì, àmọ́ kòkòrò inú òkun tó ń dá igi ọkọ̀ lu ló kọ́kọ́ ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Láti orí kòkòrò, ó di ohun tó wúwo, tó ń súni, kó tó di àwàdà. Mo ní ọ̀rẹ́ kan tí àwàdà tirẹ̀ ò tíì kúrò nípò kòkòrò.