Ṣé "asà iná" ló yẹ ká máa pè é?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Nínú àtòjọ ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ tí a jọ ń ṣe ní Yorùbá, àbá mẹ́ta ló wà nílẹ̀ fún ohun tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀ tó ń lọ sí gbalasa òfurufú kí ooru má baà run ún nígbà tó bá ń padà wọ inú afẹ́fẹ́ ayé: "asà iná", "asà ajódànù" àti "asà afararúbọ". Mi ò fara mọ́ ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀kẹta dùn létí. Orúkọ kan ṣoṣo là ń wá fún ohun méjì tí iṣẹ́ wọn ò jọra rárá: ọ̀kan ń tín-ín-rín bó ṣe ń gbóná, èkejì kì í tín.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ "iná" kúrò. Eré tí ọkọ̀ náà ń sá bọ̀ lé ní ìlọ́po ogún eré ìró. Afẹ́fẹ́ tó wà níwájú rẹ̀ kì í ráyè yà, ó ń fún pọ̀ lójijì, ìfúnpọ̀ yẹn ló sì ń mú un gbóná. Ìfirakanra tí ẹnì kan kọ sínú ìtumọ̀ tirẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kékeré ni ipa rẹ̀. Ìdí nìyí tí H. Julian Allen, ní NACA, iléeṣẹ́ ìwádìí ọkọ̀ òfurufú ti Amẹ́ríkà, fi dábàá ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 pé kí imú ọkọ̀ fẹ̀, kó má ṣe mú ṣóńṣó. Imú tó fẹ̀ ń ti afẹ́fẹ́ gbígbóná jìnnà sí ara ọkọ̀.

"Ajódànù" ńkọ́? Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá 1995, ẹ̀rọ tí ọkọ̀ Galileo ti Amẹ́ríkà jù sílẹ̀ wọ inú afẹ́fẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì Júpítà, ó ń sáré tó nǹkan bí kìlómítà 47 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Asà rẹ̀ wúwo tó kìlógíráàmù 152. Nǹkan bí kìlógíráàmù 80 nínú rẹ̀ ló lọ. Bẹ́ẹ̀, háídrójìn àti hílíọ̀mù ló kún ibẹ̀, kò sí ọ́síjìn tí iná máa fi jó. Sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn nǹkan, tí wọ́n rì sínú asà náà ló jẹ́ ká mọ bó ṣe ń tín-ín-rín: iwájú imú kò tín tó bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀, èjìká sì tín ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Kí ni a wá fẹ́ sọ pé ó jó níbẹ̀?

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ooru wọ inú résìnì, ìyẹn oje líle tó wà nínú asà, résìnì di gáàsì, ohun tó kù di èédú. Gáàsì náà ń gba ihò wẹ́wẹ́ inú èédú jáde, ó sì ń ti afẹ́fẹ́ gbígbóná sẹ́yìn. Èédú fúnra rẹ̀ ń pọ́n, ó ń tan ooru padà síta, ojú rẹ̀ sì ń dín kù díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó ń fi iyẹ̀pẹ̀ bo igi láti sun èédú mọ̀ pé igi náà ò gbọdọ̀ jó. Tó bá jó, eérú ni wọ́n máa bá. Nítorí náà, "asà arẹ̀dànù" ni àbá tèmi, bí igi ṣe ń rẹ ewé àti èso rẹ̀ dànù. Kò sọ pé iná wà níbẹ̀, ó sì sọ pé díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ, láti ojú wá sínú.

Ọ̀rọ̀ yẹn tún jẹ́ ká lè ya rírẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára yíya. Nígbà tí ọkọ̀ Orion ti Amẹ́ríkà padà wálé láti òṣùpá nínú ìrìn àjò Artemis I ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá 2022, èédú ya kúrò lára asà rẹ̀ ní ibi tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ọkọ̀ náà wọ inú afẹ́fẹ́, ó gbéra sókè díẹ̀, ó tún wọlé. Láàárín ìgbà méjèèjì, ooru ojú asà dín kù, èédú ò tètè dá mọ́, ṣùgbọ́n gáàsì ṣì ń pọ̀ sí i nínú. Avcoat tí wọ́n fi ṣe asà náà kò jẹ́ kí gáàsì ráyè jáde tó, ló bá fọ́ ọ láti inú. Ó yẹ kó rẹ̀ ni, ó wá ya. "Ajódànù" kò lè gbé ìyàtọ̀ yìí.

Irú kejì ni táìlì tó wà lára Space Shuttle, ọkọ̀ Amẹ́ríkà tó ń lọ sí gbalasa òfurufú títí di 2011. Kò sí ohun tó ń rẹ̀ níbẹ̀. Ṣe ni wọ́n ń tún un lò nígbà náà. "Asà afaradà" ni mo máa pè é. Òwú sílíkà ni, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì jẹ́ àyè òfo. Ìka lásán lè di igun rẹ̀ mú nígbà tí inú rẹ̀ ṣì pọ́n bí ẹyin iná, torí pé ìgbóná rẹ̀ ga, ṣùgbọ́n ooru tó lè tú sí ìka lẹ́ẹ̀kan náà kò tó nǹkan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má máa fi "ìgbóná" àti "ooru" rọ́pò ara wọn nínú àtòjọ wa. Táìlì ò lè lẹ̀ tààrà mọ́ alumíníọ̀mù, torí alumíníọ̀mù ń fẹ̀ tó bá gbóná, táìlì ò sì fẹ̀ tó o, á là. Aṣọ nípọn kan ló máa ń wà láàárín wọn, gọ́ọ̀mù sílíkónì lókè àti nísàlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan pè é ní "tìmùtìmù". Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ sẹ́ńsọ̀. Ẹ fi "sẹ́ńsọ̀" sílẹ̀, gbogbo mẹkáníìkì ló mọ̀ ọ́n. "Amọ̀gbóná" náà dára fún èyí tó ń wọn ìgbóná. Èyí tí mi ò lè gbà ni "amọ̀gbóná oníbejì" fún èyí tó ní wáyà méjì tí orí wọn so pọ̀. Irin méjèèjì gbọ́dọ̀ yàtọ̀ síra; bí bàbà bá so mọ́ bàbà, kò sí fóòtì (agbára iná mànàmáná) kankan tó máa jáde. "Amọ̀gbóná oníwáyà-méjì" tó. Kí ìtumọ̀ rẹ̀ sì sọ ọ́ kedere pé ìyàtọ̀ láàárín orí gbígbóná àti orí tútù ló ń wọ̀n. Irú K, ọ̀kan lára àwọn irú amọ̀gbóná yìí, ń fúnni ní nǹkan bíi máíkírófóòtì 41 (ìdá 41 nínú mílíọ̀nù fóòtì kan) fún dígírì Sẹ́ṣíọ̀sì kan. Bí orí tútù bá wà ní dígírì 30 tí a ò sì fi í kún un, ìwọ̀n náà á fi nǹkan bí 30 kéré. Ẹni tó bá fẹ́ kí wáyà gùn sí i kò gbọdọ̀ lo bàbà lásán, wáyà irú kan náà ni. Kó sì ṣọ́ àwọ̀: nínú ìlànà Amẹ́ríkà, pupa ni odì, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ rere bí a ṣe mọ̀ ọ́n lára bátìrì.

Ọ̀rọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì dábàá ni ti sẹ́ńsọ̀ tí wáyà rẹ̀ já. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì 2003, nígbà tí afẹ́fẹ́ gbígbóná gba ihò etí apá òsì wọ inú Columbia, ọ̀kan lára àwọn Space Shuttle, àwọn sẹ́ńsọ̀ ìgbóná kan nínú apá náà bọ́ sí ìsàlẹ̀ òṣùwọ̀n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Apá náà ò tutù o. Wáyà wọn ló ti jó. Mo dábàá "yadi": amọ̀gbóná náà yadi. "Ó ka òdo" ò ní ṣe é, torí pé ìwọ̀n gidi ni òdo.