Àbọ̀ ọ̀rọ̀ antivirus ilé ìtẹ̀wé wa l'Ájàṣẹ́ (Porto-Novo)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Èmi tí mo bèèrè antivirus (software tó ń lé kòkòrò kọ̀ǹpútà) tí màá rà fún ṣọ́ọ̀bù wa nítòsí ọjà Ouando, torí USB àwọn oníbàárà tó ní kòkòrò tó ń sọ fáìlì di shortcut (àmì ọ̀nà àbùjá lásán), àbọ̀ rèé.

Mi ò ra nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n tó ní ká yọ antivirus àtijọ́ tí owó rẹ̀ ti tán kúrò, ká tan Defender, antivirus tó bá Windows wá, ìmọ̀ràn tiẹ̀ ló ṣiṣẹ́ jù. Lánàá akẹ́kọ̀ọ́ kan ki USB bọ kọ̀ǹpútà wa, Defender gbá shortcut yẹn mú lójú ẹsẹ̀, ọmọ náà ti ń pariwo pé mémòóà òun (iṣẹ́ ìwádìí tó fẹ́ fi jáde ilé ìwé) ti lọ, àmọ́ fáìlì ò lọ síbì kan, kòkòrò náà kàn fi í pamọ́ ni, mo tẹ attrib -h -r -s /s /d E:\*.* (E ni lẹ́tà USB náà) nínú cmd, ojú ìwé tí a ti ń tẹ àṣẹ fún Windows, gbogbo ẹ̀ sì jáde.

Gbígba admin (àṣẹ ọ̀gá lórí kọ̀ǹpútà) lọ́wọ́ àwọn ọmọṣẹ́ náà dáa gan-an. Ọ̀kan fẹ́ fi software tó rí lórí Telegram sí kọ̀ǹpútà, Windows ní kó mú password ọ̀gá wá.

Controlled folder access, ààbò inú Defender tí kì í jẹ́ kí software tí kò mọ̀ yí fáìlì padà, ṣe é dé ààbọ̀: kò jẹ́ kí software ìṣirò owó wa tọ́jú nǹkan, àfìgbà tí mo fún un láyè nínú Allow an app.

Èyí tó kù ni àwọn kọ̀ǹpútà àgbà tí ò ní TPM 2.0 (ẹ̀yà ààbò inú kọ̀ǹpútà tí Windows 11 ń béèrè), wọn ò lè gba Windows 11, Microsoft sì ti dá àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró ní 14 oṣù kẹwàá 2025. Mo ti yọ wọ́n kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì ná. Ẹni tó bá ti fi Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó lè rọ́pò Windows, tẹ̀wé nírú ṣọ́ọ̀bù báyìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi sọ ọ́. Ẹ ṣé gan-an.