Adìẹ 12, ẹyin 6, èèpo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́: ooru ni àbí àrùn?

Àdùkẹ́, Kubwa

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọlọ́sìn adìẹ. Léyà pupa 12 ló wà lẹ́yìnkùlé wa, wọ́n ti pé ọ̀sẹ̀ 40. Títí oṣù Kejì fi parí, ẹyin 10 tàbí 11 là ń kó lóòjọ́. Láti àárín oṣù Kẹta tí ooru ti gorí, ó já sí 6. Èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé bí ìka bá kàn án, ó ti wọlé. Méjì tiẹ̀ jáde láìléèpo, awọ lásán. Tó bá ti di aago 12 ọ̀sán, wọ́n á yanu, wọ́n á na ìyẹ́ sílẹ̀, wọ́n á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Fíìdì kílò 25 tó ń tó wọn fún ọjọ́ 18 tẹ́lẹ̀ ti ń tó ọjọ́ 25 báyìí, bẹ́ẹ̀ ọkà bàbà ti wà nínú rẹ̀ nítorí ọ̀wọ́n fíìdì: fíìdì mẹ́ta, bàbà kan. Páànù ló bo ilé wọn, kò ga ju èèyàn lọ, bíríkì yí i ká dókè, fèrèsé kékeré méjì ló ní. Ẹnìkan ní kí n ra antibiotic, ẹnìkan ní kí n kúkú pa wọ́n jẹ. Kí lẹ rí sí i?

Bàbá Àgbébọ̀, Suleja

Ẹ jẹ́ ká ṣírò fíìdì yẹn ná, torí ẹnu yín lẹ fi sọ ibi tó ti ń jò. Kílò 25 fún adìẹ 12 lọ́jọ́ 18 jẹ́ bíi gíráàmù 115 fún ẹyọ kan lóòjọ́. Bí léyà ṣe ń jẹun nìyẹn. Lọ́jọ́ 25, ó já sí 83. Ẹ wá yọ bàbà kúrò nínú 83, fíìdì gangan tó wọnú adìẹ ò ju 62 lọ. Fíìdì léyà máa ń ní bíi gíráàmù 3.5 kálísíọ́mù nínú 100, ìyẹn ni pé 2.2 ló ń rí, adìẹ tó ń yé sì ń fẹ́ tó 4 lóòjọ́. Níbo ló ti fẹ́ rí èèpo rọ? Inú egungun ara rẹ̀ ló ń bù ú. Tó bá tán níbẹ̀, ẹyin á jáde ní awọ, ẹsẹ̀ adìẹ náà á sì máa yẹ̀. Ẹ dá bàbà dúró lónìí. Owó tí ẹ rò pé ẹ fi pa mọ́, ẹyin lẹ fi ń san án.

Ooru náà ní tirẹ̀. Bí adìẹ bá ń mí hẹlẹ, carbon dioxide ń jáde lára rẹ̀ jù, bẹ́ẹ̀ òun ló ń para pọ̀ mọ́ kálísíọ́mù di èèpo.

Ẹ ra ìkarahun tí wọ́n fọ́ wẹ́wẹ́ bí ìlàjì ẹ̀wà, kì í ṣe èyí tó kúnná bí èlùbọ́. Ẹ gbé e sínú abọ́ tirẹ̀ láti aago 4 ìrọ̀lẹ́. Òru ni adìẹ ń rọ èèpo jù. Èyí tó kúnná á ti gba inú rẹ̀ kọjá kí ilẹ̀ tó ṣú dáadáa, ṣùgbọ́n èyí tó le á dúró sínú iwe, á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ títí di ìdájí. Ẹ máa kó ẹyin lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́ o. Ẹyin tó bá fọ́ sílẹ̀ ló ń kọ́ adìẹ ní jíjẹ ẹyin, èyí tó bá sì ti mọ̀ ọ́n jẹ, ó di ìkòkò ọbẹ̀.

Ọmọ Ọ̀fà, Karu

Ààrò lẹ kọ́, kì í ṣe ilé adìẹ. Ẹ wó ògiri ìhà àríwá àti gúúsù sílẹ̀, kó ku ìtò bíríkì mẹ́ta láti ilẹ̀, kí ẹ fi wáyà dí ìyókù. Kí ihò wáyà má ju ìdajì íǹṣì lọ nítorí ejò àti eku. Ẹ má ṣí ìhà ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn, oòrùn á wọlé bá wọn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ẹ ra zana (ẹní koríko), ẹ tẹ́ ẹ nípọn sórí páànù, ẹ sì fi okùn dè é gírígírí, ìjì tó máa ń ṣáájú òjò àkọ́rọ̀ kì í ṣeré.

Omi ńkọ́? Táǹkì dúdú tó wà nínú oòrùn ń da omi gbígbóná jáde lọ́sàn-án, adìẹ ò ní mu ún. Adìẹ 12 ń mu bíi lítà 3 nígbà tí ara bá tutù, ó lè di 6 nínú ooru yìí. Ẹ pààrọ̀ omi ní aago 11 àti aago 2, kí ẹ ju pure water dídì kan sínú rẹ̀.

Ẹ gbé oúnjẹ kúrò níwájú wọn láti aago 11 sí 4, torí oúnjẹ tó ń dà nínú adìẹ ń mú ara rẹ̀ gbóná sí i. Kí wọ́n lè jẹ ẹ́ padà, ẹ tan iná láti aago 4 ìdájí. Iná yẹn náà á sọ ojúmọmọ wọn di wákàtí 14 àti ààbọ̀, ara ohun tí ẹyin ń fẹ́ nìyẹn. Ẹ lo iná sólà. Iná ìjọba tó ń lọ tó ń bọ̀ á da adìẹ láàmú ju òkùnkùn lọ.

Àdùkẹ́, Kubwa

Ẹ ṣeun gan-an. Lúkúlúkú ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ 16 ni wọ́n gba àjẹsára gbẹ̀yìn.

Dókítà Ẹran, Zaria

Ẹ bẹ̀ wọ́n wò ní aago 7 àárọ̀. Adìẹ tí ooru ń yọ lẹ́nu á ti máa jẹ, á máa tú ilẹ̀. Èyí tó bá ká gúlútú, tó ń ya ìgbẹ́ olómi aláwọ̀ ewé, tó ń mí pẹ̀lú ariwo tàbí tí ọrùn rẹ̀ lọ́, ẹ yà á sọ́tọ̀ kíá, kí ẹ sì pe dókítà ẹran. Antibiotic ò pa fáírọ́ọ̀sì, irú èyí tó ń fa lúkúlúkú, kò sì pa oòrùn; inú ẹyin tí ẹ ó jẹ ló máa kù sí.

Tára wọn bá dá, àsìkò àjẹsára Lasota, ti lúkúlúkú, ti tó. Iléeṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran tó wà ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, ń ṣe é. Inú yìnyín ni kẹ́ ẹ gbé e wálé. Ẹ gba omi lọ́wọ́ adìẹ fún wákàtí kan ní ìdájí, ẹ po gíráàmù 2 mílíìkì oníyẹ̀fun aláìlọ́ràá sí lítà omi kànga kan, kí ẹ tó da àjẹsára sí i. Omi ẹ̀rọ tó ní chlorine (oògùn apakòkòrò inú omi) á pa á. Kí wọ́n mu ún tán láàárín wákàtí méjì.

Ìyá Ìlọrin, Lugbe

Lórí pípa: ọ̀sẹ̀ 40 ò tíì dàgbà o, wọ́n á ṣì yé dáadáa kọjá ọ̀sẹ̀ 70. Ẹ gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lálẹ́, kí ẹ fi ìka wọn àárín egungun ṣóṣóró méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ìdí. Ìka mẹ́ta wọ ibẹ̀, ihò fẹ̀ ó sì tutù: ó ń yé. Ìka kan péré, ogbe gbẹ, ẹsẹ̀ ṣì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí epo: ẹ ti rí ẹran ọjọ́ Àìkú. Bó bá jẹ́ ẹran gan-an lẹ fẹ́ sìn, ẹ má kó bùrọ́ílà wọlé báyìí. Ìgbà tó bá sanra tán lọ́sẹ̀ 6 ni ooru ń pa á jù. Ẹ dúró kí òjò dúró ire.