Ọ̀nà irin kọ́: àkọ́gùn ni mo fara mọ́

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ o.

Láti ìgbà tí àbúrò wa tó ń túmọ̀ ìwé àwọn àlejò nípa agbègbè adágún tó wà ní àríwá Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti béèrè ohun tí a lè máa pe via ferrata ní Yorùbá, ìyẹn ọ̀nà orí àpáta tí wọ́n na wáyà irin mọ́ kí agunkè lè so ara rẹ̀ mọ́ ọn, mo ti ń ka èsì yín, n kò sì dá sí i. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ló wà nílẹ̀ báyìí: "ọ̀nà irin", "àkàbà irin", "ọ̀nà àdìmú" àti "ọ̀nà igbà". Mo fẹ́ fi ìkarùn-ún kún un. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn ohun tí ojú mi rí, nítorí ó jọ pé púpọ̀ nínú wa kò tíì fojú kan nǹkan náà.

Lọ́dún tó kọjá, èmi àti ọmọ mi obìnrin gbéra láti Manchester, a lọ gun via ferrata tó wà ní Honister, ní Cumbria, ní agbègbè adágún yẹn kan náà. Ibùdó ìwakùsà ni ibẹ̀, òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń bo òrùlé ni wọ́n ń wà níbẹ̀. Ara òkè Fleetwith Pike, tó ga ní mítà 648, ni ọ̀nà náà gbà, níbi tí àwọn awakùsà àtijọ́ ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Ọdún 2007 ni wọ́n ṣí i, òun sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n de bẹ́líìtì kan mọ́ mi tó gba ìbàdí àti itan. Okùn méjì yọ lára rẹ̀ bí apá, ìkọ́ irin kan wà lẹ́nu ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìkọ́ náà sì ní ilẹ̀kùn kékeré tó ń pa ara rẹ̀ dé. Wáyà tó nípọn bí ọmọńdinrín ni wọ́n nà mọ́ ara àpáta. Bí ẹ bá ti rìn díẹ̀, ẹ ó kan irin tí wọ́n fi kan wáyà mọ́ òkúta, ìkọ́ kò sì lè kọjá ibẹ̀. Ẹ ó yọ ìkọ́ kan, ẹ ó fi kọ́ iwájú, kí ẹ tó yọ èkejì. Ẹ kò gbọdọ̀ yọ méjèèjì pa pọ̀ láéláé. Ọmọ mi, tí Yorùbá rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jinlẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí pariwo láti ẹ̀yìn: "Dádì, ẹ kọ́ ọ! Ṣé ẹ ti kọ́ ọ?" Mo kọ́ ọ. Lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, afẹ́fẹ́ lásán ni.

Inú ariwo yẹn ni mo ti rí ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá. Ẹ jẹ́ ká yẹ tiyín wò ná.

"Ọ̀nà irin" ni ẹ̀gbọ́n wa ní Ìbàdàn mú wá, àwíjàre wọn sì ni pé ohun tí àwọn ará Ítálì wí gẹ́lẹ́ nìyẹn: via ni ọ̀nà, ferrata ni onírin. Òótọ́ ni. Ẹnìkan dá wọn lóhùn pé rélùwéè ni gbogbo ayé yóò rò. Òun náà kò parọ́. Láti 1901 tí rélùwéè ti wọ Ìbàdàn, bí a bá ti pe ọ̀nà àti irin pọ̀, ọkàn ti lọ sí ìdíkọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n lójú tèmi ìyẹn nìkan kò tó láti pa ọ̀rọ̀ náà, nítorí àwọn ará Ítálì fúnra wọn wà nínú rẹ̀ rí. Strada ferrata ni wọ́n ń pe rélùwéè nígbà kan. Iléeṣẹ́ rélùwéè ńlá kan tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1862 fi strade ferrate sínú orúkọ rẹ̀. Lónìí, ferrovia ni wọ́n ń pe rélùwéè, wọ́n sì ti fi via ferrata sílẹ̀ fún àwọn agunkè.

Ẹjọ́ tèmi pẹ̀lú "ọ̀nà irin" ni pé ohun tí wọ́n fi ṣe é ló sọ, kò sọ ohun tí èèyàn ń ṣe níbẹ̀. Àwọn Jámánì kò tẹ̀lé Ítálì rárá. Klettersteig ni wọ́n ń pè é. Inú "gígun nǹkan" àti "ipa ọ̀nà orí òkè" ni wọ́n ti fa ọ̀rọ̀ náà yọ. Ìdí tí Ítálì fi rántí irin yé mi. Nígbà ogun 1915 sí 1918, lórí àwọn òkè Dolomites, àwọn ọmọ ogun Ítálì àti ti Austria kan àkàbà àti okùn mọ́ àpáta kí wọ́n lè gbé ìbọn àti oúnjẹ gòkè. Ogun náà dé àwọn òkè orí adágún Garda ní àríwá Ítálì pẹ̀lú, nítorí pé abẹ́ Austria ni ìlú Riva tó wà létí adágún náà wà nígbà yẹn. Ẹni tó bá gun òkè Cima Capi níbẹ̀ lónìí yóò ṣì rí kòtò tí àwọn sójà gbẹ́. Irin ogun ni wọ́n jogún, wọ́n sì fi sọ ọ́ lórúkọ. Àwa kò ní ìpín nínú ogún yẹn.

"Àkàbà irin" kò gba àkókò. Àkàbà wà lórí àwọn kan lóòótọ́. Èyí tó wà lórí Via dell'Amicizia lókè Riva gùn gbọọrọ dé ibi tí ẹsẹ̀ ń gbọ̀n. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ní àkàbà, wáyà ló gbé wọn ró. Bí ẹnìkan bá ní òun ń lọ gun àkàbà irin, ẹni tó fẹ́ kun ilé ni n ó rò pé ó jẹ́.

Ẹni tó mú "ọ̀nà àdìmú" wá, kò dájú pé ó bá babaláwo gbé àdúgbò rí. Ohun tí à ń gbé fún òrìṣà ni àdìmú. Ọ̀rọ̀ náà kò sọnù ní Cuba pàápàá, adimú ni wọ́n ṣì ń pè é. Ẹ sọ fún ọmọ Cuba pé ẹ fẹ́ gba ọ̀nà àdìmú gun òkè, kò burú bó bá gbé àgbọn àti èso dání.

"Ọ̀nà igbà" ló wọ̀ mí lára jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bàbá ìyá mi kọ ọ̀pẹ títí ọjọ́ ogbó. Kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, wọ́n á gbé igbà yí ẹ̀yìn ọ̀pẹ ká, wọ́n á ta á lẹ́nu, wọ́n á fi ẹ̀yìn tì í, wọ́n á fa á lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á sì dákẹ́ bí ẹni ń gbọ́ nǹkan. Ìgbà náà ni wọn yóò tó jù ú sókè, kí ẹsẹ̀ tẹ̀lé e. Ohun tí mo rí ní Honister kò jìnnà sí èyí: èèyàn so ara rẹ̀ mọ́ ohun tó ń gùn. Àmọ́ igbà ń bá olówó rẹ̀ lọ sílé, wáyà kì í kúrò lára àpáta. Nítorí náà, mo ní ká fi "igbà" pe bẹ́líìtì àti okùn méjì náà, kì í ṣe ọ̀nà. Igbà òyìnbó tún ní ohun kan tí ti bàbá kò ní: ọ̀já tí wọ́n ká pọ̀ tí wọ́n sì rán mọ́ra. Bí ẹ bá já bọ́, ẹ ó yọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà títí ìkọ́ yóò fi gbá irin tó wà nísàlẹ̀. Gbígbá yẹn lágbára débi pé okùn lásán lè já. Ọ̀já náà ni yóò máa ya díẹ̀díẹ̀, tí yóò fi gba agbára náà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wọn èèyàn: kílò 40 sí 120 ni wọ́n ṣe é fún.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tèmi: àkọ́gùn. Gbogbo ẹni tó ti gun Òkè Ìdànrè mọ àtẹ̀gùn. À, tẹ̀, gùn: ohun tí a ń tẹ̀ kí a tó lè gùn. Kò sí ẹni tó pè é ní ọ̀nà sìmẹ́ǹtì. Ìdí ọ̀rọ̀ kan náà ni mo ti fa èyí: à, kọ́, gùn, ohun tí a ń fi ìkọ́ kọ́ bí a ti ń gùn ún.

Mo mọ ohun tí ẹ ó sọ. Bí a kò bá fi àmì sí i, Akógun ni yóò dà, a ó sì sọ olóyè di wáyà. Ẹ̀bi ọwọ́ tó ń sá fún àmì nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀bi ọ̀rọ̀. Àtẹ̀gùn àti atẹ́gùn ti ń bá ara wọn gbé tipẹ́, kò sì sí ẹni tó gun afẹ́fẹ́ dé orí Ìdànrè. Ẹ tún lè ní "kọ́" ni ti ilé kíkọ́ tàbí ti ẹ̀kọ́. Bó bá jẹ́ ti ẹ̀kọ́, kò burú. Wọ́n kọ́ wa kí wọ́n tó jẹ́ ká gùn. Èyí tó le jù ni pé kì í ṣe ìkọ́ ló ń gbéni gòkè, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni. Mo gbà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yọ ìkọ́ kúrò, kí ló kù tí kì í ṣe àpáta tí wọ́n kan irin mọ́?

Àbúrò wa, ohun méjì péré ló kù fún yín. Ẹ má kọ "òkè gígùn" fún iṣẹ́ àwọn agunkè, òkè tó gùn ni yóò yé èèyàn. "Gígun òkè" ni. Ẹ sì má da ara yín láàmú lórí mere, water àti tarn tó wà nínú orúkọ àwọn adágún ibẹ̀. Nínú gbogbo àwọn adágún ńlá ibẹ̀, Bassenthwaite nìkan ló ní Lake nínú orúkọ, bẹ́ẹ̀ gbogbo wọn náà ni adágún. Tarn ni kékeré tó wà láàárín òkè, ọ̀rọ̀ àwọn ará Norway àtijọ́ tó wá tẹ̀dó síbẹ̀ sì ni, bíi ti fell tí wọ́n ń pe òkè. Ẹ kọ adágún fún gbogbo rẹ̀.

Irin tó tẹ̀ kọrọdọ, tí wọ́n rì mọ́ àpáta fún ẹsẹ̀, ni n kò rí orúkọ fún. Bí ara ọ̀pẹ bá ń yọ̀, bàbá ìyá mi a máa gé ojú ẹsẹ̀ sí i, wọ́n sì ní ohun tí wọ́n ń pè é. Mo ti gbàgbé. Ẹni tó bá ṣì ní ẹlẹ́mu ládùúgbò, ẹ dákun, ẹ bá mi béèrè lọ́wọ́ wọn.